ỌKỌ̀ TÓ Ń BÀJẸ́ LÓJOOJÚMỌ́: Ẹ JẸ́ KÁ WO Ẹ̀YÌN

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan bá àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Àjàṣẹ́

  Mo mọ̀ pé láti oko ni púpọ̀ nínú yín ti wá jókòó síbí. Ìwé tí ẹ ń kọ́ yìí kò ní já sí asán.

Olùkọ́ yín ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Awakọ̀ ni mí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà. Àjàṣẹ́ ni mo ti máa ń gbéra lọ sí Sákétẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu. Bí mo bá ń bọ̀, màá kó gàrí, àgbàdo, tòmátì àti epo pupa wá sí ọjà Ouando, tàbí kí n gba orí afárá kọjá lọ sí Kútọnù.

Ẹ lè sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀? Àgbẹ̀ ni wá." Ó kàn yín. Ẹrù yín ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, tòmátì tó jẹrà síbẹ̀, tiyín ni. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tiẹ̀ ń dáwó jọ ra ọkọ̀ tiwọn. Ó yẹ kí ẹni tó dáwó mọ ohun tó ń jẹ owó rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ kan gbà mí pé kí n máa wa ọkọ̀ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Àlòkù láti Yúróòpù ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbàlódé ni, tó ní kọ̀ǹpútà nínú. Gasoil ló ń mu, ìyẹn epo tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dísù.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan tí a kó tòmátì bọ̀ láti Kétu, agbára ọkọ̀ ṣàdédé lọ sílẹ̀. Iná aláwọ̀ ìyeyè tàn níwájú mi. Ọkọ̀ kò kú, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí aláìsàn. Nígbà tí a fi dé ọjà, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn oníbàárà ti lọ. Ìyá tó ni tòmátì yẹn fi owó orí rẹ̀ ṣòfò.

Mẹkáníìkì ní injẹ́tọ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. A rà á, a pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù kan ààbọ̀ tí iná yẹn tún tàn. A mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Òun ní páǹpù ni. A ra páǹpù. Oṣù kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tún pààrọ̀ injẹ́tọ̀. Ìgbà kẹrin tún dé.

Owó ẹgbẹ́ ti tán. Ìgbà yẹn ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní ọmọ iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní ó ń ta epo dáadáa, ó sì ń fi èyí tí kò dára dípò rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Èmi tí mo mọ ọmọ náà, mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Mo wá lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan. Mo rò pé yóò ṣí ẹ́ńjìnnì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Níbo lẹ ti gba epo ṣáájú? Kìlómítà mélòó lẹ ti rìn kó tó tún bàjẹ́?" Mo ní, "Bàbá, mi ò rántí o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn, kí ẹ tó padà wá."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí pé ọmọ iṣẹ́ mi ní ìwé kan. Kíláàsì alẹ́ ló ń lọ, bíi tiyín. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ kíkọ, ó máa ń kọ ohun tí a bá ṣe lóòjọ́ sínú ìwé: ibi tí a lọ, lítà epo tí a gbà, ibi tí a ti gbà á, bóyá òjò rọ̀. Mo ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo lọ bá a nílé bàbá rẹ̀. Ó gbé ìwé náà wá. Àwa méjèèjì jókòó, a ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà.

Ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Ìgbà mẹ́rin ni ọkọ̀ bàjẹ́. Ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ṣáájú rẹ̀ tí a gba epo nínú àgbá tí ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú epo sí àgbàlá. Ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí a bá gba epo níbòmíràn, tàbí nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan.

A lọ wo àgbá. Òòró ló dúró, ìta gbangba ló sì wà. Rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti là. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró lórí rẹ̀, á máa jò wọlé díẹ̀díẹ̀. A fa ti ìsàlẹ̀ àgbá síta. Omi ni, pẹ̀lú ìpẹtà àti ẹrẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àgbá tiwa ni olè tí a ń wá.

A lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ọmọ náà àti bàbá rẹ̀. Ó gbà láti padà. Ṣùgbọ́n ó ní kí ìwé yẹn di ti ẹgbẹ́ láti òní lọ, kí èmi náà máa kọ ọ́, kí alága sì máa fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Nítorí ìwé yẹn ni mo ṣe wá síwájú yín lónìí.

ÌDÍ TÍ ỌKỌ̀ ÌGBÀLÓDÉ FI Ń ṢE KẸ̀LẸ̀KẸ̀LẸ̀

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní ọdún 1897, èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bí ti alùpùpù. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ń fún pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ á fi gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ. Ẹ rántí pé omi tó ń hó kò ju ìwọ̀n 100 lọ. Bí injẹ́tọ̀ bá fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, epo á gbaná fúnra rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kì í ṣe ìyànjẹ. Níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris ní ọdún 1900, wọ́n fi òróró ẹ̀pà wa ọ̀kan, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò pẹ̀lú ọkọ̀ òde òní o! Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gba afẹ́fẹ́ tó tó ìwọ̀n bar 8. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé, páǹpù lè ti epo pẹ̀lú agbára tó tó bar 2,000. Ẹ pín in: 2,000 sí ọ̀nà 8 jẹ́ 250. Agbára yẹn jẹ́ ìlọ́po 250 ti inú táyà. Ihò ẹnu injẹ́tọ̀ tí epo yìí ń gbà jáde sì tín-ín-rín bí irun. Eérú kékeré tí ojú wa kò lè rí tó láti ha á tàbí láti dí i.

Ohun kejì ni pé gasoil fúnra rẹ̀ ló ń mú kí ara irin inú páǹpù máa yọ̀. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Kẹrosíìnì kò yọ̀ tó. Epo alùpùpù ló tún burú jù. Nítorí náà, ẹ fi ìwé tí ẹ ń kọ́ ka ara páǹpù ní ilé epo. GASOIL ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. ESSENCE ni ti alùpùpù. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àṣìṣe rọ ESSENCE sínú ọkọ̀ gasoil, kó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo rẹ̀ jáde.

IBI MÁRÙN-ÚN TÍ A Ó KỌ́KỌ́ WÒ

1. Epo. Ẹ bu epo díẹ̀ sínú ìgò funfun tó mọ́. Ẹ gbé e kalẹ̀ di òwúrọ̀. Omi wúwo ju gasoil lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Bí ẹ bá rí ìpín méjì nínú ìgò, ẹ má lo epo náà. Bí ẹ bá ń tọ́jú epo sínú àgbá, ẹ fi ìbòrí bo orí rẹ̀, ẹ má mì í, ẹ má sì fa ti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó bù ú. Fíltà epo ọkọ̀ púpọ̀ ní ìkòkò kékeré kan nísàlẹ̀, tó ń gba omi sára. Ní àárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ tú ìdè rẹ̀ díẹ̀, kí omi jáde títí tí ẹ ó fi rí gasoil nìkan. Ẹ tún máa rọ epo kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́. Bí táńkì bá ṣófo mọ́jú, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe tọ́jú epo sínú ilé tí ènìyàn ń sùn. Ẹ rántí Sẹ̀mẹ̀-Kraké ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Iná sọ níbi tí wọ́n kó epo fàyàwọ́ sí, ó ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tó kú. ESSENCE ni tibẹ̀, èyí tó tètè ń gbaná ju gasoil lọ. Síbẹ̀, kò sí epo tí a fi ń ṣeré.

2. Afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Àwọn ọ̀nà oko wa náà ní eruku pupa. Bí fíltà afẹ́fẹ́ bá dí, ẹ́ńjìnnì kò lè mí. Á máa mu epo jù, á máa tú èéfín dúdú, kò sì ní lágbára. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwé inú rẹ̀ bá ya, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó ya burú ju èyí tó dí lọ.

3. Omi ìtutù àti òróró ẹ́ńjìnnì. Ẹ wò wọ́n ní àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí òróró bá rí bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí òróró bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un, gasoil ló ń jò wọ inú rẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹ má wa ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá sì ti fa ẹrù wúwo gun òkè, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Turbo tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ gbóná gan-an, òróró ló ń tù ú. Bí ẹ bá pa á lójijì, òróró á dúró, á sì jóná sára irin.

4. Iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò fẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú. Wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ lè dógùn-ún, pàápàá níbi tí òkun àti ọ̀sà wà nítòsí bíi tiwa. Wáyà kan tó dógùn-ún lè mú kí kọ̀ǹpútà sọ pé ohun mẹ́wàá ló bàjẹ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fọ orí bátìrì, ẹ dè é kó le. Bí wọ́n bá fẹ́ jó irin mọ́ ara ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì méjèèjì. Iná tí wọ́n fi ń jó irin lè pa kọ̀ǹpútà.

5. Ẹrù. Òfin tí UEMOA ṣe ní ọdún 2005 sọ pé ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ lápapọ̀. Ọkọ̀ kékeré kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ìyẹn. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò, iye tirẹ̀ wà níbẹ̀. Àpò méjìlélógún tí ẹ fi kún un nítorí èrè kékeré lè já síprín-ìn, kó bẹ́ táyà, kó sì jó kílọ́ọ̀ṣì.

OHUN TÍ ÈÉFÍN Ń SỌ

Èéfín dúdú: epo pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kéré jù. Ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́ ṣáájú.
Èéfín funfun tí kò tán bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná: epo kò jóná dáadáa, tàbí omi ìtutù ń wọ inú ẹ́ńjìnnì.
Èéfín tó dà bí aró: òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jó.

BÍ INÁ BÁ TÀN NÍWÁJÚ AWAKỌ̀

Bí iná pupa bá tàn, ẹ dúró síbi tí ewu kò sí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ti aláwọ̀ ìyeyè bá tàn tí agbára sì dínkù, kọ̀ǹpútà ló ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ má yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹni tó yọ gílóòbù náà pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún un.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní "valise" bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Yóò gba nọ́ńbà àṣìṣe jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà yẹn ń sọ ibi tó ń dun ọkọ̀ ni. Kì í sábà sọ ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà tiwa ń sọ pé epo kò dé injẹ́tọ̀ bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni. Kò lè sọ fún wa pé àgbá wà níta nínú òjò.

Àwọn ọkọ̀ kan tó wá láti Yúróòpù tún ní fíltà nínú páìpù èéfín. Imí-ọjọ́ inú epo tí kò dára máa ń bà á jẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn mínísítà CEDEAO fẹnu kò láti dín imí-ọjọ́ inú epo kù gan-an. Kí ẹ tó ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè irú epo tó fẹ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè máa rí i rà nítòsí yín.

EWU TÓ LÈ PANI

Bí páìpù epo bá ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Epo tó ní agbára bar 2,000 á gún awọ wọ inú ẹran ara bí abẹ́rẹ́. Ojú egbò rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó lè mú kí wọ́n gé ọwọ́ ènìyàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà má dùn ún.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

ÌWÉ ỌKỌ̀

Ẹ ra ìwé kan, ẹ so bírò mọ́ ọn. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́: 12, oṣù Kẹfà
Kìlómítà: 412,350
Ibi tí a ti gba epo: àgbá ẹgbẹ́, lítà 80
Ojú ọjọ́: òjò rọ̀ lánàá
Ohun tí ọkọ̀ ṣe: agbára dínkù, iná ìyeyè tàn
Ohun tí a ṣe: a da omi inú fíltà nù, a pààrọ̀ fíltà
Owó: fàráńkì 18,000
Ẹni tó kọ ọ́: ................

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kí i dáadáa, ẹ ka ìwé náà sí i létí. Ẹ ní, "Ọ̀gá, kí ló fà á tó fi bàjẹ́?" kí ẹ tó bèèrè pé, "Èló ni?" Ẹ gba ohun àlòkù tí ó yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pààrọ̀ ohun mẹ́ta pọ̀ tí ọkọ̀ sì dára, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ òògùn rẹ̀. Bí ohun kan náà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má ra ẹ̀kẹta. Ẹ padà sí ìwé.

Ẹ̀yin ará mi, ọkọ̀ kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó lè kọ̀wé ló lè rántí gbogbo ohun tó sọ. Ẹ̀sùn tí a fi kan ọmọ yẹn, ìlà díẹ̀ nínú ìwé olówó pọ́ọ́kú ló mú un kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí lẹ̀ ń kọ́ ní kíláàsì alẹ́, ẹ sọ èyí fún un.

 

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni àwọn ará ẹgbẹ́ rò pé ó ń ba ọkọ̀ jẹ́? Kí ni ó ń bà á jẹ́ ní tòótọ́?
2. Báwo ni a ṣe lè fi ìgò mọ̀ bóyá omi wà nínú gasoil?
3. Ka ọ̀rọ̀ méjì yìí: GASOIL, ESSENCE. Èwo ni ti ọkọ̀ akẹ́rù?
4. Ẹgbẹ́ kan pààrọ̀ fíltà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Fàráńkì 18,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èló ni gbogbo rẹ̀? Bí ìdérí àgbá tuntun bá jẹ́ fàráńkì 3,000, èló ni wọn ì bá ti fi pamọ́?
5. Kọ ìlà mẹ́jọ sínú ìwé rẹ nípa ohun èlò kan tó ń bàjẹ́ nílé tàbí lóko rẹ: ẹ̀rọ ọlọ, kẹ̀kẹ́, tàbí páǹpù omi.